Fèrè Tó Pe Olóko Jáde Nínú Igbó Ibogun

Ẹ bá mi pariwo Jésù! Ẹ tún pariwo, ẹ̀yin ará Mowe! Ìyàwó mi ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe, nítorí náà mo ti fọ̀rọ̀ wá gbogbo àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn lẹ́nu wò. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́.

Fọlákẹ́, ìyàwó mi yìí, fẹ́ràn eré ìje ọlọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń sá gba inú igbó. Lọ́jọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn Ibogun ni wọ́n ti sá a. Kí ẹnikẹ́ni tó gbéra, wọ́n tú báàgì rẹ̀ wò: omi, fèrè, báńdéèjì, tọ́ọ̀ṣì, fóònù tí wọ́n ti ṣáàjì, àti ìbora ọ̀rá kan tó ń dán bíi páànù tuntun, tó ń lé òtútù. Bí ọ̀kan bá dín, ilé ni wọ́n ń dá olúwa rẹ̀ padà sí. Nígbà tó ń di báàgì náà nílé wa ní Magboro, ẹ̀rín la fi rín in. Màámi ní, "Ìyàwó mi, ṣé eré lò ń lọ sá ni, àbí o ń kó lọ sílé tuntun?"

Ní ọ̀sán, òjò dé. Àwọn tó ń sáré ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, n ò rí Fọlákẹ́. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó eré náà ní, "Sà, ẹ fọkàn balẹ̀. A so rẹ́bọ́ọ̀nù pupa mọ́ igi jálẹ̀ ọ̀nà." Wọ́n lọ wò ó. Ojú wọn ti yí padà nígbà tí wọ́n dé. "Sà, ẹnìkan ti já gbogbo rẹ̀."

Hà! Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Olúwa, má jẹ́ kí èmi nìkan padà sílé."

Fọlákẹ́ ti ṣìnà. Ó yọ̀ ṣubú létí odò, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó fi báńdéèjì dì í, ó wé ìbora mọ́ra, ó ń gbọ̀n, ó sì ń fọn fèrè. Ó fọn ọ́n títí.

Ẹ yìn ín lógo! Bàbá àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí, gbọ́ ọ. Òun gan-an ló já rẹ́bọ́ọ̀nù! Ó sọ fún mi pé, "Mo rí nǹkan pupa lára igi mi, mo ní àwọn tó ń jí ilẹ̀ tà ti fi àmì sóko mi. Bí mo ṣe tún gbọ́ fèrè, mo ní wọ́n ti padà dé, wọ́n ń pe ara wọn. Mo bá fa àdá yọ."

Ó já lu ìyàwó mi lójijì. "Ta ló ta ilẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n ò ra ilẹ̀ o! Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí!"

Àdá bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Subuhanallahi! Ọmọ mi, kí lo wá wé mọ́ra báyìí? Ìwin ni mo pè ọ́!" Ó gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó gbé e wá bá wa.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbi eré náà yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. "Egungun ò ṣẹ́. Ìbora yìí ló gbà á lọ́wọ́ òtútù." Ẹ ṣé o, Jésù! Ẹ ṣé, ẹ ṣé!

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé ẹ̀gẹ́ wá kí wa. Ó ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo fà á." Màámi dá a lóhùn: "Ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹun."

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàhálà láàárọ̀ yìí, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmúrasílẹ̀, ẹ má sì dákẹ́. Ẹni tó fa àdá yọ bọ̀ wá bá yín jà, Olúwa mi lè fi í gbé yín délé.