Kóòtù Màmá Ti Wọ Ọkọ̀ Òkun

Lórí ìlà ìsanwó, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Euless, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, màmá kan tó gbé iṣu dání ń bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ níwájú mi.

"Lọ́la ni mò ń lọ sí Denver. Ọmọ mi bímọ, èmi ni màá máa wẹ ọmọ fún un."

"Ẹ kú oríire, mà. Ṣé ẹ ti wo ojú ọjọ́? Wọ́n ní ìjì ń bọ̀ níbí lọ́la, sínóò á sì bọ́ ní Denver fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Sínóò kẹ̀? Nínú oṣù kẹrin? Mo ti kó gbogbo kóòtù mi sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn."

"Ta ló fẹ́ wọ kóòtù n'Íbàdàn, mà?"

"Àbúrò mi ni. Ó ní éésì ọ́fíìsì àwọn fẹ́ fi òtútù pa òun."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí. "Tèmi wà nínú mọ́tò, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú ọjọ́ Dallas. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ bá mi mú un bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ bá dé."

"Ṣé ó móoru?"

"Ó móoru dáadáa, mà."

Màmá náà mi orí. "Àbúrò mi á fẹ́ràn ẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, Denver nìkan ni kóòtù yẹn ń lọ."