Ikùn Tí Mo Yá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti ìwọ ìyàwó wa, irọ́ tí mo gbé mì wúwo ju tírélà méje tó kó òkúta lọ, mi ò sì lè gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la. Gbogbo yín lẹ gbà pé obìnrin tó ń wọn ikùn ní ọsibítù ló ṣekú pa bàbá yín. Kì í ṣe òun. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé dókítà rí i pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn ẹ̀gbọ́n mi kọjá ti wú níbì kan, bí ìgbà tí táyà bá yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ó ṣì kéré, kò tí ì tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ la èèyàn, ṣùgbọ́n kó máa wá kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí bó bá ń dàgbà, ó lè bẹ́ lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó tún lọ. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ ní bí nǹkan náà bá fi lè dàgbà sí i, òun á gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá wá sílé mi, ó ń wo orí pípá mi àti irùngbọ̀n mi. Ó ní, "Àbúrò, ojú kan náà la ní. Bá mi lọ dùbúlẹ̀ fún wọn."

Èèyàn gidi ì bá kọ̀. Èmi tí mo lè pa òkú lẹ́rìn-ín títí àwọn tó gbé e á fi jù ú sílẹ̀, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Mo dé fìlà rẹ̀, mo mú káàdì rẹ̀, mo ń wúkọ́ bíi tiẹ̀. Obìnrin náà ò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí, ẹni tuntun ni. Ó fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa mí níkùn, ó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kiri. Mo ní kó rọra, odidi àgbò ló sùn síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ó ṣì wà níbẹ̀ o. Kò dàgbà rárá."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín débi pé omi ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àga lọ. Ẹ wo ọpọlọ wa: a ní èmi tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ̀rọ ní ikùn mi wú, a jẹ́ pé irọ́ lásán ló ń pa, tẹ̀gbọ́n mi náà, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ọsibítù yẹn mọ́ láé. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó wa, nígbà tí o ní kí n bá ọ rọ̀ ọ́ kó padà lọ, èmi náà ni mo ní kí o fi í sílẹ̀, pé ara rẹ̀ le ju afárá lọ.

Bàbá yín ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó di ẹ̀yìn mú, tó sì ṣubú. Wọn ò gbé e dé ọsibítù kó tó kú; dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ náà ló bẹ́.

Ibi tó burú jù nìyí. Ẹ lọ bá obìnrin yẹn, ẹ ní òun ló kọ ọ́ pé kò dàgbà. Ó ń sunkún, ó ń búra pé ohun tí òun rí lòun kọ. Mo dúró ti yín, mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, mo sì pè é ní afọ́jú. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun èmi náà, mo lọ. Dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ tèmi ti wú kọjá ààlà, pé kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, pé ó máa ń mú ọmọ ìyá pọ̀, ó sì máa ń ti ara bàbá dé ara ọmọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹ̀rọ ò purọ́. Tèmi ló rí.

Àkọ́bí, mo gbọ́ pé o ti búra pé ẹ̀rọ tó pa bàbá rẹ ò ní kan ìwọ àtàwọn àbúrò rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, kó wọn lọ sí ọsibítù, kí ẹ dùbúlẹ̀ fún ẹ̀rọ náà, kí ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì wá obìnrin yẹn rí, kí ẹ sọ orúkọ mi fún un. Bí ẹ bá máa dárí jì mí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá ti ibẹ̀ dé.