Ọ̀nà tí Òkéwùmí Là fún Ìyá Rẹ̀

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kí òkè gbọọrọ tí ẹ ń wò yìí tó ní ojú ọ̀nà kankan lára, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ni gbogbo àwọn ènìyàn wa ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ gba iṣu, ó gba àgbàdo. Ṣùgbọ́n odò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, olè ni. Lọ́dún kan ó kó ewúrẹ́ lọ, lọ́dún kejì ó kó ilé lọ, lọ́dún kẹta ó gbé ìyá àti ọmọ lọ. Ni Baálẹ̀ bá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí òjò tó tún dé, kí gbogbo ìlú kó lọ sórí òkè.

Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń gun òkè nígbà náà? Ojú àpáta ni wọ́n ń gbà, tààrà, wọ́n ń fi ọwọ́ fi ẹsẹ̀ rá bí alángbá. Baálẹ̀ ní ẹni tí kò bá lè gùn ún, kó dúró sísàlẹ̀, wọn yóò máa fi okùn sọ oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà!

Òkéwùmí, bàbá ńlá wa, gbọ́ èyí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹfúnyẹmí ìyá rẹ̀ kò ní orúnkún tó gbéṣẹ́. Kó tó dìde lórí àpótí, á kọ́kọ́ bẹ orúnkún ọ̀hún. Òun nìkan ni Òkéwùmí ní láyé.

Ó gbé ọkọ́, ó mú àdá, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Ó ṣán, ó gbẹ́, ó yí òkúta. Ó ṣán, ó gbẹ́, ó yí òkúta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Ọkùnrin náà lágbára, ẹ má wò mí, mi ò tó o rí. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró.

"Ìyá mi, kí ló dé? Ọ̀nà nìyí o."

"Ọ̀nà ni lóòótọ́, Òkéwùmí. Ọ̀nà tìrẹ ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi wọn ọ̀nà mi."

Ojú tì í. Òjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án sì ti di òfo. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún, ọkùnrin gìrìpá. Ìyá jẹ́ kó sun ún tán.

"Ó tó. Bọ́ sẹ́yìn mi."

Ló bá ṣíwájú tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ibi tó bá tẹ̀, Òkéwùmí a gbẹ́ ẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀, ọ̀nà a yà. Ibi tó bá ti ní òun fẹ́ mí, Òkéwùmí a wá òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀ kó fi jókòó. Nígbà mìíràn, láti àárọ̀ dé ọ̀sán, wọn ò ju ìdí igi kan sí èkejì lọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, inú a máa bí Òkéwùmí, ara a máa ta á láti kọjá ìyá rẹ̀, kò jẹ́ kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo látorí àpáta: "Òkéwùmí, ṣé ọ̀nà lò ń là ni àbí agbọ̀n lò ń hun?" Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ ṣú ni ọ̀nà dé orí òkè. Ṣé ẹ rò pé Ìyá jókòó? Ó padà sísàlẹ̀ lọ pe àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀lé e, àwọn aboyún tẹ̀lé wọn. Baálẹ̀ tó ti yọ̀ ṣubú lójú àpáta lẹ́ẹ̀mejì dé, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹfúnyẹmí, ṣé ààyè wà?"

"Ààyè wà, Baálẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣáájú mi o."

Odò gbé gbogbo ìsàlẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì. Kò rí ènìyàn kan gbé.

Àwọn àlejò tó ń wá gun òkè wa fún fàájì máa ń béèrè ìdí tí àwọn géńdé fi ń wọ́ tẹ̀lé arúgbó. Ẹ sọ fún wọn pé nínú ìdílé Òkéwùmí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ ló ń ṣíwájú. Bó bá dúró, a dúró. Bó bá jókòó lórí òkúta, gbogbo wa a jókòó. A kì í bi í léèrè ìgbà tó máa dìde.