Rọ́bà Tó Sọnù Lẹ́nu Rodiat

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí ẹ̀yin dókítà eyín tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga nípa títo eyín lọ́dún yìí. Èmi ni wọ́n yàn nítorí pé èmi ni mo ṣe ipò kìíní nígbà tiwa, àwòrán iṣẹ́ ìdánwò mi sì wà lára ògiri kíláàsì tí ẹ máa jókòó sí ní Òṣòdì. Ẹ máa rí i: ẹnu ọmọbìnrin kan, eyín iwájú méjì tó fara kanra dáadáa. Mo gbìyànjú láti kọ ìkíni náà, kò jáde. Ohun tó ń jáde ni èyí, mi ò sì ní dá a dúró mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa sá fún un. Olúfọlákẹ́ ni orúkọ mi, mo ní ilé ìwòsàn eyín ní Ìsọlọ̀, irọ́ sì ni àwòrán yẹn.

Mo ti ń yọ eyín fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá tó yí wa ká ló ń wá sọ́dọ̀ mi, àti àwọn awakọ̀ tírélà. Wọn kì í wá àfi tí eyín bá ti bàjẹ́ pátápátá. Màá yọ ọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ. Ó sú mi. Mo fẹ́ di ọ̀gá tí àwọn dókítà yòókù á máa darí aláìsàn sí. Ìgbéraga ló gbé mi dé kíláàsì yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ ọmọnìkejì ni. Òfin ìdánwò ni pé kí oníkálukú mú àwòrán ẹnu aláìsàn kan wá tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ tó sì parí rẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo ti ń to eyín rẹ̀ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé lọ sí Àkúrẹ́ láìdágbére. Bí ọwọ́ mi ṣe ṣófo nìyẹn nígbà tí ìdánwò ti ń sún mọ́lé.

Àsìkò yẹn ni wọ́n mú Rodiat wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, eyín ẹ̀yìn kan ló ń dùn ún. Bàbá rẹ̀, Abdulwasiu, ọmọ Ìwó, awakọ̀ tírélà ni, òun ló ṣáájú wọn wọlé. Ìyá tó bí i ti kú tipẹ́. Nimotallahi, ìyàwó tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn náà, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé, ó pọn ọmọ tirẹ̀, Alameen, sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Alameen fa irun Rodiat, Rodiat rẹ́rìn-ín, mo sì rí èéjì tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀. Ó fẹ̀, ó dọ́gba, ó rẹwà. Àmọ́ mi ò rí ẹwà kankan. Ìdánwò mi ni mo rí.

Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé àlàfo yẹn kò dára, pé bí a kò bá pa á dé, gbogbo eyín ọmọ náà á tú ká tó bá dàgbà. Mo ní ọ̀fẹ́ ni màá ṣe é. Irọ́ ni èyí tí mo sọ nípa àlàfo náà. Nimotallahi kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, Dókítà. Èéjì yẹn ni ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Tá a bá délé ní Ìwó, tó bá ti rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà á ní ìyá ẹ̀ ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Mo bi í bóyá òun náà kàwé eyín ni. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kó fi dókítà sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Nimotallahi dùn mí, mo sì fi í sínú. Inú mi ò dára, mo mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Mo lẹ irin kéékèèké mọ́ eyín rẹ̀, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa fà díẹ̀díẹ̀. Rodiat fẹ́ràn àgbàdo sísun, irin náà kò sì yéé ṣí. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí, iṣẹ́ á padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí olùkọ́ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abórìṣàdé, ti kọ́ wa, kí ẹ lè mọ̀ pé àìmọ̀kan kọ́ ló ṣe mí. Ó ní ìdí eyín dà bíi kárọ́ọ̀tì, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú ni. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá kó rọ́bà lásán sọ́rùn eyín méjì láti pa àlàfo dé, rọ́bà náà á yọ́ gba abẹ́ ẹran tó mú eyín dání, á máa gùn lọ síbi tó tẹ́ẹ́rẹ́, á máa ba egungun jẹ́ bó ṣe ń lọ, títí eyín á fi bọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Mo wà níbẹ̀. Mo mi orí.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ti dé tán. Mo tú gbogbo irin náà, mo mú rọ́bà kékeré kan, mo kó o sọ́rùn eyín iwájú méjèèjì. Jennifer, nọ́ọ̀sì mi, ló ń bá mi mú iná. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ní léwu?" Mo ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni, kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Nígbà tí Rodiat padà wá, àlàfo náà ti ń sún mọ́ra, ṣùgbọ́n rọ́bà kò sí níbẹ̀. Mo bi í pé níbo ló já sí. Ó ní kò já. Mo ní ó ti gbé e mì mọ́ oúnjẹ nìyẹn. Ó wò mí, ó ní, "Rárá o, mà. Mi ò gbé e mì, kò sì jábọ́. Mo máa ń fi ahọ́n wò ó." Ọmọ tó ń fi ahọ́n ṣọ́ iṣẹ́ mi, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe fún mi? Mo mọ ibi tó lọ: abẹ́ ẹran ìdí eyín ni. Mo tì í dànù lọ́kàn mi, mo sì kó rọ́bà mìíràn sí i.

Èéjì náà pa dé, mo sì yọ rọ́bà kejì. Mo ya fọ́tò rẹ̀, èyí tó wà lára ògiri yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú, tó pọ́n, tí eyín méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn jáde tí wọ́n sì ń mì. Mo ya àwòrán egungun rẹ̀. Rọ́bà kì í hàn nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n egungun tó yẹ kó di eyín wọ̀nyẹn mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mo bá ti la ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n wá rọ́bà náà yọ, ó ṣeé ṣe kí eyín náà dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá là á, màá sọ ìdí tí mo fi là á, ìdánwò mi á sì bàjẹ́. Mo fún un ní oògùn ìrora àti omi tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Mo ní kó lọ, kó máa bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Bí mo ṣe ta eyín ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Níbi ìdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abórìṣàdé bi mí bí mo ṣe ṣe é tó fi yá tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó ní òun ì bá fẹ́ rí ọmọ náà. Mo ní ó ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní wákàtí yẹn, Rodiat wà ní Ìsọlọ̀, ògì lásán ló ń mu.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e wá, ahọ́n rẹ̀ lè ti eyín náà síwá sẹ́yìn. Mo yọ wọ́n. Mi ò lo agbára rárá, àwọn méjèèjì jọ jáde ni, rọ́bà sì so wọ́n pọ̀ nídìí. Jennifer tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Àǹtí, rọ́bà wa nìyí." Mo pa ọwọ́ mi dé.

Abdulwasiu wọlé, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó bi mí pé kí ló ṣe eyín ọmọ òun. Àyè wà fún mi láti sọ òótọ́. Rọ́bà náà wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì tutù. Mo wo Nimotallahi, mo rántí pé òun ló ní ká má fọwọ́ kan èéjì yẹn, mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú, òun ló máa jàre. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀ bí ẹni tó káàánú. Mo ní, "Bàbá Rodiat, ta ló gbá ọmọ yìí lẹ́nu nílé?"

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò di dandan kí n dárúkọ. Bàbá kì í sábà sí nílé, ìyàwó tí kò bí ọmọ náà ló wà nílé. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Rodiat ti òwú inú ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Dádì, kò sẹ́ni tó gbá mi." Nígbà náà ni mo sọ èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ láyé. Mo ní, "Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù kì í lè sọ òótọ́."

Nimotallahi kò jà. Ó kàn ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Abdulwasiu fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Nimotallahi sì gbé Alameen jáde nílé. Jennifer náà kò wá síbi iṣẹ́ mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi gbé ìwé ẹ̀rí mi kọ́ sára ògiri.

Lọ́dún yìí ni Nimotallahi tún wá. Àdúgbò Ailegun ló ń gbé báyìí. Eyín ló ń dun òun náà, mo sì rò pé ìjà ló bá wá. Ó jókòó lórí àga, ó gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀. "Dókítà, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ṣé ẹ rí i dájú pé wọ́n gbá Rodiat ni? Ọjọ́ kan wà tí mo fọwọ́ tì í kúrò nídìí iná. Mo ti rò ó títí. Mo máa ń bi ara mi pé bóyá ọwọ́ mi bà á lẹ́nu tí mi ò sì mọ̀." Mo ní kó lanu. Mo tọ́jú eyín rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ. Mo jókòó sórí àga tó dìde kúrò lórí rẹ̀, mo sunkún. Mo ti gba ọkọ lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ní báyìí, mo tún ti gba ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Mo wá a lọ sí Ailegun, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dé ilé Abdulwasiu. Lójú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́, láti orí irọ́ èéjì dé orí rọ́bà. Abdulwasiu gbé orí sọ́wọ́, kò lè wo ìyàwó tó lé jáde. Rodiat ti di wúńdíá, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu tó bá ń sọ̀rọ̀. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n fi síbẹ̀, ojú àpá kì í sì í jọ ojú ara. Kò pariwo. "Mo sọ fún yín nígbà yẹn," ni gbogbo ohun tó sọ, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí tàbí bàbá rẹ̀. Abdulwasiu bẹ Nimotallahi kó padà sílé. Nimotallahi ní òun ti gbọ́, òun ń lọ síbi tí òun ń gbé. Ó dìde. Rodiat bá a gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ wa pé kí wọ́n dá mi lẹ́jọ́. Mo ti ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ àwòrán náà. Bí ẹ bá dé kíláàsì tí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ bá mi yọ ọ́. Rodiat, Ìyá Alameen, ẹ foríjì mí tó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́ nípa rọ́bà, ẹ ó sì mi orí bí mo ṣe mi orí. Ó lè di ọjọ́ kan kí ohun tí ẹ fi sí ẹnu ọmọ má sí níbẹ̀ mọ́. Tí ọmọ náà bá sọ fún yín pé kò jábọ́, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì wá a.