Mítà Ọlọ́gbọ́n Pe Ilé Wa Ní Olè

Olè! Husain, ilé Bàbá Mọ́rẹ́olúwa ni ẹ̀yin oníná fi ọ̀dà pupa kọ "Olè Iná" sí lára gééti! Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń bọ̀, Bíbélì wà lábíyá mi, àwọn ará ìjọ ń tò bọ̀ lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sì wà lórí òpó, wọ́n ń gé wáyà wa bí ẹni ń gé ẹ̀ka igi. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ẹ̀rọ ti rí wa. Háà! Ó rí wa níbo? Kí ló rí lọ́wọ́ wa?

Rárá, jókòó. Mi ò lé ọ. Jókòó sórí àga yẹn, ọkọ mi ló ni ín, kò ní bù ọ́ jẹ.

"Màmá, ẹ má bínú" kọ́! O ní kì í ṣe ìwọ, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín ló sọ ọ́. Mo ti gbọ́. O ní mítà ọlọ́gbọ́n yìí ń wo iná tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò, bó bá ti rí i pé ìlò ilé kan ṣàdédé lọ sílẹ̀, á ké sí yín pé wọ́n ti fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà. Ìlò wa lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ta ló jiyàn? Ẹni tó ń lo iná ló kú, Husain! Ó kú! Àbí ìwọ àti Bàrúwà bàbá rẹ kọ́ lẹ jọ wọ mọ́tò dé Ìlárá lọ sin ín? Ojú rẹ rí i, ẹsẹ̀ rẹ tẹ erùpẹ̀ ibẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò dé ibẹ̀ wá sọ tirẹ̀, tirẹ̀ lo gbà gbọ́!

Ta ló tilẹ̀ bá yín gba mítà yìí wọ àdúgbò? Nígbà tí wọ́n ń fi igi lé yín káàkiri Ìlaròó, tí Màmá Àṣìkẹ́ ní nǹkan yìí á máa ka èémí inú fáànù, ọkọ mi, olùkọ́ Póolì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ó ní ẹ kò ní lè fojú díwọ̀n iná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní bí tiransifọ́mà bá fẹ́ jó, á ti ké kó tó jó. Ó fọwọ́ sọ̀yà fún yín! Ilé tiwa lẹ ti kọ́kọ́ kàn án mọ́ ògiri, ilé tiwa náà lẹ wá kọ olè sí. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run rí yín.

Òun ló ń lọ aṣọ, ohun tó ń jẹ iná nílé yìí nìyẹn. Láràárọ̀, kó tó gbàdúrà pàápàá, áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì nìkan o! Ìnùjú, aṣọ ìbùsùn, ìborùn mi, táwẹ̀lì! Ta ló ń lọ táwẹ̀lì láyé yìí? Mo máa ń ní, "Bàbá Mọ́rẹ́, gba ẹ̀fọ́ yìí, fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ fún mi kí n tó rẹ́ ẹ." Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n gbé e wá.

Wo búbà ọrùn mi, bó ṣe rún. Ṣé aṣọ ẹni tó ń jí iná lò nìyí?

Kí lo fẹ́ fi hàn mí? Fóònù? Mú un súnmọ́ mi. Ìlà yìí ni iná ilé wa? Òkè kékeré tó ń yọ yìí ńkọ́? Àárọ̀ ni? Fi ọjọ́ mìíràn hàn mí. Òmíràn... Yéè! Husain, òun nìyí! Ó yọ, ó tún yọ, ó tún yọ... Ibí wá tẹ́jú. Ilé ìwòsàn la wà nígbà yẹn.

Fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n sunkún.

O ní o fẹ́ pa gbogbo àkọsílẹ̀ iná wa yìí rẹ́, kí orúkọ wa lè mọ́ lọ́dọ̀ yín? Rárá o! Ọ̀dà ara gééti ni kí o pa rẹ́, ìwọ fúnra rẹ, lójú àwọn tó kà á. Kí o wá dúró níwájú ìjọ, kí o sọ pé Mákindé ọkọ mi kò jalè. Mo mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí lò ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ilẹ̀kùn. Kí o kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yín pé ẹni tó ń lọ aṣọ ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn òkè kékeré yẹn, bí iná ò bá tilẹ̀ ní wọ ilé yìí mọ́, bí o bá fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú wọn, Ọlọ́run á bi ọ́.

Dìde. Kẹrosíìnì wà ní kíṣìnì, àkísà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.