Súwẹ́tà tí kò wọ ọkọ̀

Bí èèrà bá húkọ́ ní Ṣáṣá, etí èmi yìí á gbọ́ ọ láti Moniya. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti obìnrin méjì tó jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ Olódò. Èyí àgbà ń hun fìlà ọmọ tuntun.

Ọ̀dọ́bìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí òwú yìí náà mí!"

"Iṣẹ́ kan lóṣù kan ni mo fi ṣòfin, ọmọ mi. Èyí tó kéré ni mo máa ń gbé rìnrìn àjò. Súwẹ́tà màmá mi máa ń kún itan, mo bá ní kó dúró nílé de oṣù tí mi ò ní rìn. Ìrìn àjò ò sì tán lọ́rùn oníṣòwò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, màmá ní, 'Ṣé tèmi nìkan ni ò lè wọ ọkọ̀?' Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló kù kí n hun tí wọ́n fi kú. Tèmi nìkan, wọ́n ní."

"Ẹ má sunkún mọ́, mà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn."

Èsì yẹn, èmi ni mo fi kún un. Ọ̀dọ́bìnrin náà kàn bá a di òwú náà mú, kó má baà yí bọ́ sílẹ̀.