Fìlà Àrán Tí Gbogbo Wọn Dé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó síbí, ẹ tẹrí ba kí Àyànlọ́wọ̀ rí i! Ṣé o rí làpálàpá? Roboto roboto bí ojú kọ́bọ̀, lórí àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Má tíì kí mi, mi ò jíire! Ìwọ náà wà nínú ẹjọ́ mi. Ṣebí ìwọ lo yà wá ní fọ́tò lọ́jọ́ Àjíǹde, tí o ní fíìmù ò tíì kún, o ò lè fọ̀ ọ́? Fíìmù ò kún, inú tèmi ti kún!

Fọlákẹ́ ni o, àbúrò ọkọ ọmọ mi, tó gbé Olúfẹ́mi ọmọ rẹ̀ wá bá wa ṣọdún láti Ìkirè. Mo gún iyán, mo tẹ́ ẹní tuntun. Ọmọ yẹn kì í ṣí fìlà! Ó ń jẹun, fìlà àrán. Ó ń sùn, fìlà àrán! Àfi ọjọ́ fọ́tò tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, ó ní kí àwọn ọmọ mi dé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pé wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́, orí ń yún wọn!

Fọlákẹ́ ní ilé mi ló dọ̀tí! Ilé tí mò ń gbá láàárọ̀, lálẹ́! Ó ní àwọn tèmi ló kó o ran tirẹ̀, òun á sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, bàbá wọn, n'Íbàdàn kó wá kó wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Kúrò lọ́dọ̀ mi kẹ̀? Kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀?

Nọ́ọ̀sì tí mo kó wọn lọ bá ní kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹbí olú ni, ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Ọ̀kan ń jẹ awọ orí, ọ̀kan ń jẹ àárín ìka ẹsẹ̀, òmíràn ń sọ ẹnu ọmọ jòjòló di funfun. Ó ní fìlà àti òòyà ni ti orí fi ń rìn. Mo sọ fún Fọlákẹ́, ó yínmú sí mi! Wò wọ́n níta, wọ́n ń di ẹrù sọ́kọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.

O ti wá fọ̀ ọ́ wàyí? Mú fọ́tò náà wá. Kẹ́hìndé ló dé fìlà. Ta wá lẹni tó ṣí orí sílẹ̀ yìí? Olúfẹ́mi! Yéè! Gbé àtùpà wá! Kí ló wà lórí rẹ̀ yẹn? Roboto! Lọ́jọ́ tí orí àwọn tèmi ń dán bí ìgò! Àyànlọ́wọ̀, o ò ní kú léwe!

Fọlákẹ́! Fọlákẹ́ o! Ẹ dúró gba fọ́tò yín! Ẹ fi oògùn sórí ọmọ yẹn o!

Wọ́n ti lọ. Háháà! Ìkirè ni wọ́n máa kọ́kọ́ já ẹrù sí. Kẹ́hìndé, bá mi mú bàtà mi wá: èmi àti fọ́tò yìí la ó ṣáájú dé Ìbàdàn!